Ọwọ́ Comfort Kọ́ Ló Pa Yòvó

Comfort ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Nọ̀ ni èmi ń pè é, bí àwa Ègùn ṣe ń pe ìyá. Òun kọ́ ló bí mi. Òun àti ìyá mi ni wọ́n jọ ń yan ẹja ní Ajido. Nígbà tí ìyá mi kú, ó wá sílé wa, ó ká ẹní mi, ó gbé e sórí, ó ní, "Ó yá, ká lọ." Mo tẹ̀lé e. JSS2 ni mo wà nígbà náà. Mi ò padà sílé ìwé mọ́. Ó bá mi jà lórí ẹ̀ títí ó fi rẹ̀ ẹ́.

Ó kú ní oṣù tó kọjá. Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta ni. Títí ó fi kú, ó gbà pé ọwọ́ òun ló pa ọmọ ewúrẹ́ kan tó ń jẹ́ Yòvó. Ọwọ́ rẹ̀ kọ́. Ọwọ́ tèmi ni. Mo mọ̀ nígbà tó wà láàyè, mo sì dákẹ́.

Kí n sọ ọ́ bó ṣe bẹ̀rẹ̀.

Èéfín ló lé Nọ̀ kúrò nídìí ẹja. Ó lé ní ogún ọdún tó fi dúró nídìí ààrò. Ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Ó ń rí ọ̀ọ́kán, àmọ́ tí nǹkan bá ti sún mọ́ ọn, kò rí i dáadáa mọ́. Nígbà tí àwọn olùwádìí kan dá oko ewúrẹ́ sílẹ̀ láàárín Morogbo àti Àgbádárìgì, wọ́n ń wá ẹni tí yóò máa gbá ìgbẹ́ ẹran. Nọ̀ lọ. Lọ́dún kejì ó mú èmi náà wọ ibẹ̀. Mò ń gé koríko, mò ń pọn omi.

Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń wá lára ewúrẹ́. Dókítà Olúbísí, obìnrin ọmọ Èkìtì kan, ló ni iṣẹ́ náà. Ó fẹ́ mọ bí ẹ̀jẹ̀ ọmọ ewúrẹ́ ṣe ń yí padà láti ìgbà tí wọ́n bá bí i títí wọ́n á fi já a lẹ́nu ọmú. Gbogbo ọjọ́ Ajé, ìgò kékeré kan láti ara ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ìgò náà kò ju ìka ọwọ́ lọ. Àmọ́ ẹ̀jẹ̀ ẹran tí ẹ̀rù ń bà kò wúlò fún un. Ó ní ìbẹ̀rù máa ń wọnú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀rọ á sì rí i.

Lọ́jọ́ tí Nọ̀ kọ́kọ́ rí bí wọ́n ṣe ń gbà á, ọkùnrin mẹ́ta ló wà lórí ọmọ ewúrẹ́ kan. Ọ̀kan di ẹsẹ̀ iwájú mú, ọ̀kan di tẹ̀yìn, ẹnì kẹta fa ọrùn rẹ̀ sókè. Ọmọ náà ń ké, ó ń tọ̀ sára. Ìyá rẹ̀ ń fi orí kan ilẹ̀kùn. Nọ̀ ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀.

"Ẹ gbé e fún mi."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ìyá ẹlẹ́ja, ewúrẹ́ lèyí o. Kò ní ìpẹ́."

"Mo rí i. Ẹja tèmi máa ń ti kú kó tó dé ọwọ́ mi. Èyí ṣì ń mí, ẹ̀yin lẹ fẹ́ parí ẹ̀."

Dókítà ní kí wọ́n gbé e fún un. Nọ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó na ẹsẹ̀, ó gbé ọmọ náà sáàárín itan. Ó ní kí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún ìyá ẹran, kó dúró síbi tí ọmọ á ti máa gbóòórùn rẹ̀. Ó fi etí ìró rẹ̀ bo ojú ọmọ náà. Ó ń sọ pé, "Dẹ̀dẹ̀, ví cé, dẹ̀dẹ̀." Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún. Ọmọ náà gbé orí lé e lápá. Dókítà fúnra rẹ̀ kúnlẹ̀, ó gba ẹ̀jẹ̀ náà. Ọmọ náà kò ké.

Láti ọjọ́ yẹn, Nọ̀ kò gbá ìgbẹ́ mọ́. Dókítà kọ́ ọ ní abẹ́rẹ́. Òun ló kọ́ Dókítà ní ìyókù.

Bó ṣe ń ṣe é nìyí. Tí wọ́n bá bí ọmọ tuntun, ọjọ́ mẹ́wàá gbáko ni kò ní mú abẹ́rẹ́ sún mọ́ ọn. Ọwọ́ lásán ni. Lójoojúmọ́ ó máa gbé e sítan, ó máa fi ìka wá iṣan ọrùn rẹ̀, ó máa tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ó máa fi òwú tútù nu ibẹ̀, ó máa fún un ní wàrà nínú fíìdà. Ó tán. Ó gbé e padà fún ìyá rẹ̀. Ọmọ náà á mọ̀ pé bí wọ́n bá ti fọwọ́ kan òun lọ́rùn, wàrà ló ń bọ̀. Lọ́jọ́ kọkànlá, abẹ́rẹ́ dé. Nọ̀ á fi òwú onísípíríìtì nu ọrùn náà, á dúró kó gbẹ, nítorí tí kò bá gbẹ, ó máa ta ọmọ náà. Kì í wo iṣan. Ojú rẹ̀ kò ká a. Ìka ló fi ń rí i. Á fi àtàǹpàkò tẹ ìsàlẹ̀ ọrùn, iṣan á yọ bí okùn ìwọ̀, abẹ́rẹ́ á wọlé. Èmi ni mò ń di fíìdà mú. Tó bá ti yọ abẹ́rẹ́, á fi òwú tẹ ojú ibẹ̀, á ka ọgbọ̀n ní èdè Ègùn. Kì í sáré kà á.

Tí ọmọ kan bá ké, tàbí tó ń jà, Nọ̀ kì í fi agbára mú un. Á gbé e sílẹ̀. Ìwé ńlá kan wà tí a ń kọ nọ́ńbà etí wọn sí. Á ní kí n kọ "Ó kọ̀" síwájú nọ́ńbà yẹn. Ó kọ̀, ó tán, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Lódindi ọdún kan, ẹ̀ẹ̀mẹrin péré ni mo kọ "Ó kọ̀" fún Nọ̀. Mo wá fi ìyẹn ṣe fáàrí. Mò ń sọ fáwọn èèyàn pé lọ́dọ̀ tiwa, ẹran kì í kọ̀.

Yòvó ni ọmọ Nọ̀ jù. Funfun ni, òun nìkan láàárín dúdú àti pupa, ìdí nìyẹn tí a fi pè é ní orúkọ tí à ń pe òyìnbó. Ìyá rẹ̀ kú nígbà tó bí i. Fíìdà ni Nọ̀ fi wò ó. Tó bá ti rí ẹni tó jókòó sílẹ̀, á lọ gun itan onítọ̀hún, á na ọrùn sókè fúnra rẹ̀. Tí àlejò bá dé, Yòvó ni Dókítà máa ń fi hàn wọ́n.

Ní oṣù karùn-ún, ẹ̀gbọ́n Nọ̀ ọkùnrin kú ní Àjàṣẹ́, lẹ́yìn bọ́dà Seme. Ó ní láti lọ, ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni wọ́n dá fún gbogbo ètò náà. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, ewúrẹ́ mẹ́ta bí ìbejì. Mẹ́fà tuntun. Nígbà náà mo ti ń gba ẹ̀jẹ̀ níṣojú Nọ̀, Dókítà sì ti fọwọ́ sí i.

"Ṣé o lè ṣe é?"

"Nọ̀, ṣé ọmọdé ni mí?"

"Mi ò bi ẹ́ ní ọjọ́ orí. Àwọn mẹ́fà yìí ńkọ́? Ọjọ́ mẹ́wàá wọn?"

"Mo máa ṣe é."

"Tí wọ́n bá kọ̀?"

"Wọn ò ní kọ̀."

Ó wò mí. "Sewanu, tí wọ́n bá kọ̀, kọ ọ́ síbẹ̀. Ìwé ò ní bú ẹ."

Ó wọ ọkọ̀ Seme lọ.

Mi ò ṣe ọjọ́ mẹ́wàá náà. Lọ́jọ́ kìíní mo gbé ọ̀kan, ó ta mí nípàá, mo gbé e sílẹ̀. Mo ní ó di ọ̀la. Lọ́la òjò rọ̀. Mo dùbúlẹ̀ sórí koríko gbígbẹ, mò ń wo fóònù. Bí ọjọ́ mẹ́wàá ṣe lọ nìyẹn. Kò sí ohun tó ṣe mí.

Ọjọ́ Ajé tó yẹ kí n gba tiwọn dé. Mo mú ọ̀kan. Ó ké bí ẹni tí wọ́n ń pa. Gbogbo ilé ewúrẹ́ gbè é. Mo mú ìkejì, ó já mọ́ mi lọ́wọ́. Mo ṣí ìwé ńlá, mo mú bírò. "Ó kọ̀" lọ́nà mẹ́fà, léraléra, lójú ewé kan. Khaleel máa ń wá lọ́sàn-án láti yàrá àyẹ̀wò, tòun ti kúlà tó fi ń gbé ìgò ẹ̀jẹ̀. Yẹ̀yẹ́ ni iṣẹ́ ẹ̀. Ó máa kà á, ó máa kà á fún Dókítà.

Níbi tí mo jókòó sí, Yòvó wá. Ó gun itan mi. Ó na ọrùn.

Mo gba tirẹ̀. Lẹ́yìn náà mo gba ìkejì, mo kọ nọ́ńbà ọmọ tuntun kan sára ìgò náà. Mo gba ìkẹta. Mo gbà á títí ó fi di méje. Kò mira. Ó ń mu wàrà, ó ń ju ìrù.

Bí mo ṣe ṣe é nìyẹn lọ́jọ́ Ajé mẹ́rin.

Lọ́jọ́ Ajé kẹta, Khaleel gbé kúlà sórí ọ̀kadà, ó ní, "Alàgbà Sewanu, àwọn mẹ́fà tuntun yìí, ṣé abiyamọ kan ló bí gbogbo wọn? Ẹ̀jẹ̀ wọn jọra bí ìbejì."

"Ẹbí kan ni wọ́n."

"Òbúkọ yín gbayì o! Ẹ bá mi kí i."

Ó rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Nígbà yẹn, Yòvó kò sáré mọ́. Tó bá fẹ́ dìde, á kọ́kọ́ fi orúnkún dúró. Mo fa ìpéǹpéjú rẹ̀ wò. Inú rẹ̀ funfun bíi bébà. Mo fi wàrà kún wàrà rẹ̀. Mo rò pé wàrà á dá a padà. Síbẹ̀, nígbà tí ọjọ́ Ajé kẹrin dé, mo tún gba méje.

Nọ̀ dé lọ́jọ́ Sátidé, tòun ti búrẹ́dì gígùn Àjàṣẹ́ tó mọ̀ pé mo fẹ́ràn. Ó ní òun lòun wẹ òkú ẹ̀gbọ́n òun, nítorí kò sí àgbà mìíràn tó kù. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó bi mí léèrè iṣẹ́. Mo ní gbogbo ẹ̀ dáa.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó gbé Yòvó sítan.

"Ó fúyẹ́. Kí ló ṣe é?"

"Òjò ni, Nọ̀. Òtútù mú un."

"Ṣé ó ń mu wàrà?"

"Ó ń mu ún dáadáa."

Ó fi ìka wá iṣan. Ó pẹ́ kó tó rí i. Ó ní, "Sewanu, iṣan yìí rọ̀." Fíìdà wà lọ́wọ́ mi. Ojú Nọ̀ kò lè rí bí ẹnu ọmọ náà ṣe funfun. Ojú mi rí i. Kí n kàn ní, Nọ̀, má gbà á. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mi ò sọ ọ́. Ó gba ìgò kan, ìgò kan ṣoṣo. Ó fi òwú tẹ ọrùn rẹ̀, ó ń kà. Dòkpó, àwè, àtọ̀n. Kò tíì dé ogún tí orí Yòvó fi ṣubú sórí apá rẹ̀. Ó ka ọgbọ̀n náà tán. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í pè é.

Dókítà dé lọ́sàn-án, òun àti Khaleel. Ìwé àyẹ̀wò wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Màmá, ẹ má bínú. Àwọn mẹ́fà tuntun, ẹ̀jẹ̀ wọn ń dín kù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Mo wò wọ́n, wọ́n ń fò kiri. Àmọ́ ohun tí ẹ̀rọ sọ nìyí. Yòvó tí ẹ máa ń gbé jù, òun ló sì kú. Ẹ̀rù ń bà mí pé ọjọ́ mẹ́wàá tí ẹ ní kí Sewanu máa fi gbé wọn sítan yìí ti pọ̀ jù. Wọn ò ráyè mu ọmú."

Ọjọ́ mẹ́wàá tí ẹnikẹ́ni kò ṣe.

Nọ̀ ní, "Dókítà, ọjọ́ mẹ́wàá kọ́. Ọwọ́ mi ni. Mo wẹ òkú. Nílé tiwa, ẹni tó bá wẹ òkú kì í gbé ọmọ títí oṣù tuntun á fi lé. Mo kánjú."

"Màmá, ìyẹn kọ́ o."

"Òun ni."

Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà. Mò ń wo ilẹ̀.

Lọ́sẹ̀ yẹn, wọ́n gbé igi oníhò kan wá, èyí tí wọ́n fi ń há ẹran lọ́rùn. Oko méjì mìíràn ti ń kọ́ ọ̀nà Nọ̀. Dókítà kọ̀wé sí wọn pé kí wọ́n dá a dúró. Nọ̀ tún mú ìgbálẹ̀. Ní gbogbo ọjọ́ Ajé, à ń gbọ́ igbe. Á máa gbálẹ̀ lọ, kò ní gbé ojú sókè.

Lọ́jọ́ Àìkú kan ó dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní kí ìjọ bá òun tọrọ ìdáríjì, pé ọwọ́ òun ti pa ohun tí wọ́n fi síkàáwọ́ òun. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo jókòó sí. Mo ṣe àmín.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Àǹtí Motúnráyọ̀, tó ń yan ẹja níbi tí ìyá rẹ̀ ti yan án, bímọ láàárín ìgbà yẹn. Nọ̀ lọ, ó sè, ó fọṣọ, ó gbé omi kaná. Kò wẹ ọmọ. Kò gbé e. Àǹtí pè mí.

"Sewanu, oṣù tuntun ti lé, ó tún ti fẹ́ wọ̀. Kí ló dé tí màmá ò gbé ọmọ mi?"

"Ó rẹ̀ wọ́n ni, Àǹtí."

"Ó rẹ̀ wọ́n, wọ́n gbé kẹ́ẹ̀gì omi méjì?"

Mo ní mi ò mọ̀.

Ẹ̀ẹ̀kan ni mo gbìyànjú. À ń dúró de ọkọ̀ ojú omi létí ọ̀sà, àwa méjì péré. Mo ní, "Nọ̀, ọ̀rọ̀ Yòvó yẹn…"

"Má dárúkọ ẹ̀ sí mi létí."

Mo ní ó dáa. Mi ò ní parọ́, ara tù mí. Mo gbà pé òun ló ní kí n má sọ ọ́.

Ó ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọpọ́n omi ewúrẹ́ lọ́jọ́ Àìkú kan tí iṣẹ́ kàn wá. Ẹ̀jẹ̀ ríru. Ọjọ́ méjì ló lò ní ọsibítù. Ibẹ̀ ni mo ti sọ ọ́ fún un, láti orí ìgò kìíní dé èyí tó kẹ́yìn, mo sún ẹnu mọ́ etí rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní, "Bùrọ̀dá, màmá yìí ò gbọ́ nǹkan kan mọ́."

Lẹ́yìn ìsìnkú, mo lọ bá Dókítà. Khaleel wà níbẹ̀, ó ń to ìgò.

"Dókítà, ẹ má bínú. Ẹ̀jẹ̀ àwọn mẹ́fà yẹn, ara Yòvó ni mo ti gbà á."

"Èwo nínú ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀, mà. Ọjọ́ Ajé mẹ́rin."

Khaleel jókòó. Ó ní, "Mo rí i. Mo rí i, mo fi ṣe yẹ̀yẹ́."

Dókítà mú bírò, ó ṣírò rẹ̀. Ìgò méjìdínlọ́gbọ̀n. Ó tún un ṣírò. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀ sílẹ̀.

"Mo sọ fún màmá pé ọ̀nà wọn ò dáa. Mo sọ ọ́ sí wọn lójú."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Wọ́n sì ní ọwọ́ àwọn ni."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ìwọ ńkọ́? Níbo lo wà?"

"Mo wà lẹ́nu ọ̀nà, mà."

Ó ní kí n jáde. Lọ́jọ́ kejì ó kọ̀wé sí oko méjèèjì pé òun ló ṣìnà, kì í ṣe Màmá Comfort. Wọ́n gbé igi oníhò yẹn kúrò. Ó gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo rò pé ó máa lé mi. Ó ní lílé yẹn á rọrùn fún mi jù, kí n lọ máa gbá ìgbẹ́.

Ó ku Ajido. Mo lọ ní Sátidé. Àǹtí Motúnráyọ̀ ń yí ẹja padà lórí ààrò. Mo dúró, mo sọ ọ́. Kò dá mi lẹ́kun. Nígbà tí mo parí, ó ṣì yí ẹja bíi mẹ́ta padà.

"Láti ìgbà tí ewúrẹ́ yẹn kú títí màmá mi fi ṣubú, ọjọ́ mélòó ni?"

"Mọ́kànlélógójì."

"Mélòó lo rí i nínú ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀, Àǹtí. Ilé kan náà la wà."

"Ẹ jọ ń jẹun?"

"A jọ ń jẹun."

"Ó bu oúnjẹ fún ẹ?"

"Lójoojúmọ́, Àǹtí."

"Má pè mí ní Àǹtí mọ́. Lọ́jọ́ Àìkú, wàá dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì tí òun náà ti dìde. Wàá sọ ọ́ bí o ṣe sọ ọ́ fún mi yìí. O ò ní fi nǹkan kan pamọ́."

Mo dìde lọ́jọ́ Àìkú. Èdè Ègùn ni mo fi sọ ọ́, kó lè yé àwọn àgbà. Mo dárúkọ Yòvó. Mo ka ìgò fún wọn. Mo sọ ti fíìdà tó wà lọ́wọ́ mi. Mo ní Comfort ò pa nǹkan kan, ọwọ́ rẹ̀ mọ́, kí ẹni tó bá bá a tọrọ ìdáríjì lọ́jọ́sí mọ̀ pé kò ṣẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò ṣe àmín. Ọmọ Nọ̀ ń wo iwájú, kò yíjú sí mi.

Wọ́n ní kí n jókòó. Mi ò mọ ibi tí mo máa jókòó sí. Ẹ̀gbẹ́ Nọ̀ ni mo máa ń jókòó.